Láti Orí Àtẹ dé Ẹ̀yìn Káńtà: Ìtàn Iṣẹ́ Ìbánitajà ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Ìbánitajà, ìyẹn iṣẹ́ ẹni tó ń dúró ti ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń gba owó tí kò ní wọ àpò rẹ̀, tó sì ń ṣojú olówó ọjà níwájú oníbàárà, ti pẹ́ ju ṣọ́ọ̀bù lọ ní agbègbè Odò Ọ̀tìn. Ní Ìkìrun, tí ó jẹ́ ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, àti ní Ìníṣà àti Òkukù, tí wọ́n wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, iṣẹ́ yìí ti pààrọ̀ àwọ̀ léraléra láàárín nǹkan bí àádọ́jọ ọdún: ó ti jẹ́ iṣẹ́ ọmọ lọ́dọ̀ ìyá, ó ti jẹ́ iṣẹ́ ìwọ̀fà, ó ti jẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé ilé iṣẹ́ òyìnbó àti iṣẹ́ ọmọ ẹbí lọ́dọ̀ oníṣòwò ní ilẹ̀ Gánà, kí ó tó di iṣẹ́ olówó oṣù tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lónìí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù etí títì. Àwọn tó bá ń ṣírò àǹfààní àti ìpalára iṣẹ́ náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí owó oṣù, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ìlú wọ̀nyí fi hàn pé ìbéèrè tó ju owó oṣù lọ ni bóyá ẹni tó ń bá ni tajà lónìí yóò ní ọjà tirẹ̀ lọ́la, àti pé nígbàkígbà tí ọ̀nà yẹn bá dí, wàhálà iṣẹ́ náà nìkan ló máa ń ṣẹ́kù fún ẹni tó ń ṣe é.

Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ìtajà wà jù lọ. Àwọn alájàpá, ìyẹn àwọn oníṣòwò tó ń ra ẹrù ní ìlú kan lọ tà ní ìlú mìíràn, ló ń gbé iyọ̀, epo, aṣọ òfì àti oúnjẹ káàkiri, nígbà tí àwọn alárobọ̀, tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ wọn, ń pín in sí wẹ́wẹ́ fún àwọn ará ilé. Èyí tó bá rọ́wọ́ mú nínú wọn kì í dá tajà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa kọ́kọ́ gbé àtẹ kiri, tí yóò ti ibẹ̀ mọ bí wọ́n ti ń ka owó ẹyọ ní ogójì-ogójì lórí okùn, bí wọ́n ti ń ná ọjà láìbínú, àti ìgbà tó yẹ kí ènìyàn fi èènì, ìyẹn ohun kékeré tí ọlọ́jà ń fi lé ọjà lọ́fẹ̀ẹ́, fa oníbàárà mọ́ra. Kò sí owó iṣẹ́ nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó retí rẹ̀, nítorí nígbà tí ọmọ náà bá ń lọ ilé ọkọ, ìyá tàbí ọkọ, nígbà mìíràn àwọn méjèèjì, ni yóò fún un ní owó òwò, ìyẹn owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọjà tirẹ̀.

Ti ìwọ̀fà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀fà ni ẹni tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dípò èlé owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú The History of the Yorubas tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó lè sìn fún ọdún mẹ́wàá kí owó tí wọ́n yá náà má dín kọ́bọ̀. Bí iṣẹ́ tí wọ́n fún un bá jẹ́ ìtajà, ó lè mọ ọjà tà ju ọmọ olówó lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kò mú un súnmọ́ òmìnira, àfi bí ẹnìkan bá rí owó náà san. Láti ìgbà yẹn ni oríṣi méjì tí iṣẹ́ ìbánitajà ní ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan tó ń mú ènìyàn dé ìdí ọjà tirẹ̀, èkejì tó ń dá a dúró sójú kan.

Ogun tún mú kí ìtajà gbòòrò ní Ìkìrun. Ibẹ̀ ni ogun Jálumi ti wáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìlá àti Ìlọrin, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn fi ṣe ibùdó títí di 1893 tí Carter, Gómìnà Èkó, wá tú àwọn ibùdó ogun ká. Àwọn ará Òkukù wà lára àwọn tí ogun lé wọ Ìkìrun, tí wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà sílé. Ibùdó ogun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wà láìsí ẹni tó ń ta oúnjẹ, iyọ̀ àti aṣọ fún un, ẹni tí ogun sì ti gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ tó lè ṣe ju kí ó bá ẹlòmíràn gbé ẹrù tàbí kí ó bá a tà á.

Lẹ́yìn ogun ni ọkọ̀ ojú irin dé. Ojú irin tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tí yóò sì fi kúrò ní Òṣogbo tí yóò dé Ọ̀fà ní 1908, ó ti la Ìkìrun àti Òkukù kọjá. Iṣu àti èkùrọ́, àti kòkó lẹ́yìn ìgbà náà, ń lọ sísàlẹ̀. Iyọ̀, aṣọ ìlú òyìnbó, páànù, abọ́ irin, ìṣáná àti karosíìnì ń gòkè bọ̀. Òṣogbo ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó fi ṣe ojúkò, lára wọn ni John Holt, Paterson Zochonis tí wọ́n ń pè ní PZ, àti, láti 1929 tí ilé iṣẹ́ ńlá méjì parapọ̀ di ọ̀kan, United Africa Company tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí UAC. Láti ibẹ̀ ni ọjà wọn ti ń tàn dé àwọn ìlú kéékèèké tó wà lẹ́bàá ojú irin, ibẹ̀ náà sì ni irú olùtajà kan tí agbègbè náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti jáde, ìyẹn akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù.

Iyì wà nínú iṣẹ́ akọ̀wé. Ó mọ̀wé, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti bàtà, owó rẹ̀ ń wọlé ní ìparí oṣù yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, èyí tí àgbẹ̀ tó ń retí kòkó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ní. Àwọn ará ìta kì í rí ẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, wọ́n máa ń béèrè onídùúró, ìyẹn ẹni tí yóò fi dúkìá rẹ̀ dúró fún un, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ fi owó kan sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá wá dé láti ka ọjà, wọ́n á tú ìdì aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n ní yáàdì-yáàdì, wọ́n á ka páálí ìṣáná àti àpò iyọ̀, wọ́n á sì fi ohun tó wà nílẹ̀ wé ohun tí ìwé wí. Iyọ̀ tó yọ́ nígbà òjò, aṣọ tí eku jẹ, ìwọ̀nba tí ọwọ́ fi lé e fún oníbàárà ní ọjọ́ tí èrò pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló di àìpé ọjà, àìpé ọjà sì di gbèsè akọ̀wé, tí ó lè bá onídùúró rẹ̀ dé inú oko. Ohun tó tún burú jù ni pé bó ti wù kí akọ̀wé já fáfá tó, òyìnbó ni yóò jẹ ọ̀gá lé e lórí, nítorí di àwọn ọdún 1950 ni àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláwọ̀ dúdú sí ipò ọ̀gá bí ó ti yẹ. Ọ̀nà tí àwọn tó lójú inú nínú wọn gbà ni pé wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lo ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa ọjà àti orúkọ rere tí wọ́n ti ṣe, wọ́n sì di oníbàárà tó ń gba ọjà àwìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan náà láti tún un tà.

Àwọn tó dúró sẹ́nu iṣẹ́ gbìyànjú láti gbé ohùn wọn sókè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1950, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ UAC, tí Nduka Eze jẹ́ akọ̀wé àgbà fún, da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì rí àfikún owó gbà; nígbà tí wọ́n tún dán an wò ní oṣù Kejìlá, ọwọ́ wọn kò ba ohun tí wọ́n ń fẹ́. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ti máa ń sùn sí òkè ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn tí wọ́n sì ń jẹun nínú ilé rẹ̀, òfin ọdún 1911 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní ìdajì ọjọ́ ìsinmi lọ́sẹ̀, Margaret Bondfield, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rí tó sì bá wọn jà fún ẹ̀tọ́ wọn, sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ mínísítà ilẹ̀ náà ní 1929.

Ní Ìníṣà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dúró de akọ̀wé tàbí ilé iṣẹ́ òyìnbó rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Ìníṣà, pẹ̀lú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbẹ̀tì àti àwọn ìlú mìíràn, ti ń lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tó di Gánà ní 1957. Ìwé tí J. S. Eades kọ lórí wọn, Strangers and Traders, tó jáde ní 1993, ṣàlàyé bí àwọn Yorùbá wọ̀nyí ti gba ọjà àríwá Gánà, pàápàá ní Tamale, tí wọ́n ń ta aṣọ, abọ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti oríṣiríṣi ọjà wẹ́wẹ́. Ohun tó gbé òwò náà ró ni ètò ìbánitajà láàárín ẹbí. Ẹni tí òwò rẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀ máa ń wá sílé, nígbà ọdún tàbí nígbà ìsìnkú, yóò sì mú ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ṣì kéré padà lọ. Ọmọ náà á jí ní ìdájí, á pọnmi, á gbálẹ̀, á gbé igbá ọjà lọ sí ìsọ̀, ìyẹn àtíbàbà tí wọ́n ń tajà lábẹ́ rẹ̀, á pàtẹ, á sì dúró tì í. Bí ọjà kò bá yá ní ìsọ̀, òun náà ló máa gbé e kiri ìlú. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti gbọ́ Háúsá àti Dàgbánì, ó ti mọ ẹni tí wọ́n lè ta àwìn fún àti ẹni tí wọn kò gbọ́dọ̀ tà á fún, ó sì ti mọ ibi tí ọ̀gá rẹ̀ ti ń ra ọjà ní Kumasi àti iye tó ń rà á.

Kò gba owó oṣù. Ọ̀gá ló ń bọ́ ọ, òun ló ń dá aṣọ fún un, ìgbẹ̀yìn ni ó sì ń retí, nígbà tí ọ̀gá yóò dá a sílẹ̀, ìyẹn ni pé yóò fún un ní owó tàbí ọjà kí ó lọ máa ṣe tirẹ̀. Nínú gbogbo ètò tí àwọn ènìyàn agbègbè yìí ti lò, èyí ló sọ òṣìṣẹ́ di ọlọ́jà jù lọ, nítorí ohun tí ọmọ náà rí gbà kò dúró lórí owó; ó gba òwò odindi, pẹ̀lú oníbàárà, èdè, ọ̀nà ọjà àti orúkọ ẹbí tí àwọn olówó ń tìtorí rẹ̀ yá a ní ọjà. Síbẹ̀, kì í ṣe pé ìrora kò sí níbẹ̀. Wọn kì í kọ iye ọdún sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá rí i pé ọmọ náà wúlò, ó lè máa sún ọjọ́ ìdásílẹ̀ síwájú, bí ó bá sì fẹ̀sùn ìkówójẹ kàn án, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Àwọn àgbà ilé ní Ìníṣà ni ilé ẹjọ́ wọn, ọ̀nà láti Tamale dé Ìníṣà sì jìn. Àwọn kan sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn lọ́wọ́ òfo. Ohun tó ń kó ọ̀gá níjàánu ni ojú ayé, torí ẹni tó bá lo ọmọ ẹbí rẹ̀ bí ẹrú kò ní rí ọmọ mìíràn mú lọ nígbà tó bá tún wálé, ìtìjú yẹn sì lágbára ju òfin lọ níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wọn bá ti ń padà wá sí ìlú kan náà.

Ètò tó jọ ọ́ wà nítòsí, lọ́dọ̀ àwọn Òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì gba orúkọ wọn nítorí pé orí ìlóṣòó ni wọ́n máa wà lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tí yóò fi san owó. Àwọn náà máa ń mú ọmọ ẹbí dání tí yóò ru aṣọ, tí yóò kọ́ bí wọ́n ti ń sin gbèsè, tí wọn yóò sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Nǹkan méjì ló gé ètò àwọn ará Ìníṣà ní Gánà yìí kúrú. Èkíní ni ilé ìwé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ì bá wà ní ìdí ìsọ̀ sì wọ kíláàsì. Oore ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbánitajà sí iṣẹ́ ọmọ tí kò rí ilé ìwé gbà, ojú yẹn kò sì tíì kúrò. Èkejì ni àṣẹ tí ìjọba Kofi Busia pa ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti sin àwìn. Wọ́n lu ọjà ní gbàǹjo, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, wọ́n sì padà sí ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò dé rí. Ìbànújẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti sìn, tó ti kù díẹ̀ kí wọ́n dá wọn sílẹ̀, ni nǹkan bàjẹ́ fún jù, nítorí ọ̀gá tí òwò rẹ̀ ti fọ́ kò ní ohun tí yóò fi dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀, gbogbo ọdún ìsìn náà sì di asán.

Ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí i ní àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn èyí. Ìmọ̀ àwọn tó ti Gánà dé wà níbẹ̀, òfin ọdún 1972 tó fi ìtajà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, yàtọ̀ sí ti àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, ṣí àyè sílẹ̀, owó epo rọ̀bì sì ń yí ká. Ní Òkukù, owó kòkó ló ń darí ọjà. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ ìlú náà ti ní oko kòkó sí ọ̀nà jíjìn láti nǹkan bí ọdún 1950, nítorí náà ọjà máa ń yá nígbà tí wọ́n bá wálé, pàápàá nígbà ọdún Olóòkù àti ọdún Ọ̀tìn, tí yóò sì dákẹ́ lẹ́yìn náà. Ìwé àwìn ni ẹni tó ń bá ni tajà ń tọ́jú ní oṣù tó kù, òun náà sì ni wọ́n máa ń rán lọ síbi tí wọ́n ti ń sin gbèsè.

Lónìí, orí owó oṣù ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù Ìkìrun àti ti ìyókù wà, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama lè ríṣẹ́ nínú ìlú tirẹ̀ láìsan owó ilé ní Èkó, ó lè máa dá àjọ kó fi san owó ìdánwò, ó sì ń kọ́ bí wọ́n ti ń bá onírúurú ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní Òkukù, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò àti ìmọ̀ àwùjọ sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni oníbàárà àwọn ṣọ́ọ̀bù.

Ìyà rẹ̀ sì wà lójú. Láti àárọ̀ kùtùkùtù di alẹ́ ni ìdúró, owó oṣù kéré, àìpé ọjà tó ń dààmú akọ̀wé àtijọ́ sì ti gba ojú POS, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó báńkì, padà wọlé. Láti ìgbà tí owó náírà ti wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń gba owó láti ọwọ́ báńkì sí báńkì, oníbàárà lè fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tó ń parọ́ pé owó ti wọlé, han ọmọ ìtajà ní ọjọ́ tí èrò pọ̀ lẹ́nu káńtà, kí ó gbé àpò ìrẹsì lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìṣirò kò pé, owó oṣù ọmọ náà ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ nínú rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ tó wà láti 1974 kò gbà bẹ́ẹ̀, torí ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ owó àdánù láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é tàbí pé kò kọbi ara sí iṣẹ́ rẹ̀, kí aṣojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Òfin kan náà ní kí wọ́n kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n ihò méjì wà lára ọgbà náà: òfin ọdún 1974 kò ka ọmọ ẹbí agbanisíṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti ọdún 2019, tó sọ ọ́ di ₦30,000 kí ó tó di ₦70,000 ní 2024, sì yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ní òṣìṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní irú àwọn ìlú wọ̀nyí.

Ohun tó yẹ kó kó ìdààmú bá àwọn àgbà ìlú ni pé ìdásílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn Yorùbá agbègbè yìí. Àwọn oníṣòwò Ígbò, tí ètò ìkọ́ṣẹ́-òwò wọn lágbára sí i lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, ṣì ń mú ọmọ sọ́dọ̀, wọ́n ń dá iye ọdún fún un níwájú àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì ń fi owó tàbí ọjà dá a sílẹ̀. Àwọn aránṣọ, káfíńtà àti mẹkáníìkì ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù náà ní ẹgbẹ́ tó ń wádìí iye ọdún tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lò, tí ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀gá, tí ń jókòó níbi ayẹyẹ fírídọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ gba òmìnira, tí wọ́n sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí lójú gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà wà káàkiri, wọ́n ń dá owó orí jọ, wọ́n ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó ọjà àti owó ìsọ̀; ohun tí wọn kò tíì ṣe ni pé kí wọ́n ní ìwé kan níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tó ń bá ọmọ ẹgbẹ́ wọn tajà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye tó ń gbà, ẹni tí àìpé ọjà yóò wà lọ́rùn rẹ̀, àti ohun tí wọ́n bá a ṣàdéhùn pé yóò rí gbà ní ọjọ́ tó bá ń lọ.